Ojú pupa nígbà tí a ń lo Septrin: ṣé oògùn ni àbí àpólò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tí mo bá ń tọ̀, ó máa ń ta mí, wọ́n wá ní kí n lo Septrin méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, fún ọjọ́ 7. Ọjọ́ kẹfà rèé. Láti àná ni ojú mi méjèèjì ti pupa fòò, ó ń ta mí bíi pé iyanrìn kó sí i. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní àpólò ni. Ó fún mi ní gentamicin kí n máa kán sójú, ó sì ní kí n lo Septrin náà tán. Ṣé oògùn tí à ń gbé mì lè sọ ojú di pupa ni?

ÌDÁHÙN: Ó lè sọ ọ́ di pupa. Septrin sì wà lára àwọn oògùn apakòkòrò tí a kì í fi irú ọ̀rọ̀ báyìí falẹ̀ lórí wọn. Ẹ má tíì gbé ti alẹ́ òní mì. Ẹ kọ́kọ́ kàn sí dókítà tó kọ ọ́ fún yín, tàbí kí ẹ lọ bá apòògùn. Òní ni kí ẹ lọ, ẹ má fi dọ̀la.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ dúró síwájú dígí níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà dáadáa. Ẹ la ẹnu, ẹ yí ètè síta, ẹ wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ahọ́n bóyá ó bó tàbí ó ti di egbò. Ẹ bọ́ṣọ, ẹ wo àyà, ẹ̀yìn, àtẹ́lẹwọ́ àti ojú ara. Lára ẹni tó dúdú, ẹ má retí pé kí awọ pupa o. Àmì roboto tó dúdú ju ara yòókù lọ lẹ óò rí, tó ń dun yín tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, tàbí kí ara máa lé ròrò. Ẹ tún bi ara yín: ṣé ara mi gbóná láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta yìí? Ṣé ọ̀fun ń dùn mí? Bí ẹ bá rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí pẹ̀lú ojú tó pupa, ẹ má gbé Septrin mì mọ́, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Àìsàn tí mò ń bẹ̀rù fún yín ni wọ́n ń pè ní Stevens-Johnson, orúkọ dókítà méjì tí wọ́n kọ̀wé ní ọdún 1922 nípa ọmọ méjì ní New York tí ojú wọn pupa, tí ẹnu wọn di egbò, tí ara wọn sì sú. Ara ni kì í gba oògùn náà, awọ ara, inú ẹnu àti inú ìpéǹpéjú á wá máa bó. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa èèyàn, ó sì ń fọ́ ojú. Láàárín ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 28 tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn ló sábà máa ń yọjú, ọjọ́ kẹfà yín sì bọ́ sí i. Ojú lè ṣáájú awọ ní ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹni tó là á já, bí dókítà ojú kò bá tètè dá sí i, ìpéǹpéjú rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, kí omi ojú gbẹ, kí irun ìpéǹpéjú sì máa ha ẹyinjú títí ayé. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àpólò láìyẹ ẹnu yín wò.

Bí ẹnu àti ara bá mọ́ láúláú, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ẹ fi ìka fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ níbẹ̀ bá pupa jù, tí pupa náà ń dínkù bó ṣe ń súnmọ́ dúdú ojú, tí ojú sì ń yún yín tó ń da omi, ara lè máa kọ oògùn. Ìyún ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Amoxicillin àti Ampiclox náà máa ń ṣe báyìí. Ẹ fi aṣọ tútù lé ojú fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ ṣe é nígbà mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́. Àgbàlagbà lè lo cetirizine, ìyẹn oògùn ìyún, mílígíráàmù 10 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, tàbí tí èémí ń há, a kì í dúró de cetirizine níbẹ̀, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn.

Bí ó bá jẹ́ etí dúdú ojú gan-an ni pupa náà yí ká, tí ojú ń dùn yín nínú lọ́hùn-ún, tí ẹ kò lè wo ìmọ́lẹ̀, tàbí tí ẹ ń ríran bàìbàì, dókítà ojú ni kó rí i lónìí.

Àpólò náà wà, mi ò jiyàn. Láti ọdún 1969 ló ti gba orúkọ yẹn, nígbà tó jà ní Accra lásìkò tí ọkọ̀ Apollo 11 lọ sí òṣùpá. Ó máa ń ràn látorí ẹnì kan sí èkejì nínú ilé. Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, gentamicin kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Èyí tó tún burú ni pé gentamicin fúnra rẹ̀ máa ń ta ojú. Ẹni tó bá ń kán an fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta lè máa rí i pé ojú ń pupa sí i, kó wá máa fi kún iye tó ń kán. Ẹ gbé e sílẹ̀. Oògùn ojú tó bá ní dexamethasone nínú, ẹ má fọwọ́ kàn án láìsí dókítà, ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè. Ìtọ̀ àti omi ọmú kò gbọ́dọ̀ kan ojú rárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ń lo oògùn ikọ́ fée. Rifampicin máa ń sọ omijé àti ìtọ̀ di àwọ̀ ọsàn, kò léwu, àfi pé ó máa ń ba lẹ́ńsì tí èèyàn ń fi sójú dípò awò jẹ́. Ethambutol kì í sọ ojú di pupa, síbẹ̀ òun ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún: bí pupa àti àwọ̀ ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í jọra lójú yín, tàbí tí ìríran ń dínkù, ẹ padà sí kílíníkì lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí dókítà bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Septrin ni, ẹ kò gbọ́dọ̀ lò ó mọ́ láyé yín. Orúkọ rẹ̀ pọ̀: Bactrim ni, co-trimoxazole ni. Fansidar tí wọ́n ń lò fún ibà náà ní irú èròjà kan náà nínú, wọ́n sì ń fún àwọn aboyún ní irú rẹ̀ ní kílíníkì, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sí ìwé, kó wà nínú báàgì yín. Ẹ tọ́jú páálí oògùn náà, kí apòògùn lè fi nọ́ńbà tó wà lára páálí náà ránṣẹ́ sí NAFDAC.

Ìtọ̀ tó ń ta yín ńkọ́? Ẹ má fi oògùn apakòkòrò mìíràn rọ́pò Septrin fúnra yín. Ẹ sọ fún dókítà pé kó ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ tí yóò fi oògùn tó lè pa kòkòrò náà hàn, kí ẹ sì gbe ìtọ̀ àárọ̀ fún wọn, èyí tó jáde láàárín, lẹ́yìn tí ti ìbẹ̀rẹ̀ bá ti dà nù, kí ẹ tó gbé oògùn tuntun kankan mì.