Bingo ń sá fún oògùn etí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dáhùn ìbéèrè wa. Ajá kan ni mo ní, Bingo lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń gbọn orí ṣáá, tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ etí òsì, òórùn tó ń jáde níbẹ̀ wá dà bí ògì ọjọ́ mẹ́rin. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ajá, wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò, wọ́n ní ká máa kán oògùn sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá wọn di ọrùn ẹ̀ mú, ọmọ mi ọkùnrin di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, èmi kán an, ó ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Látìgbà yẹn, tó bá ti rí ìgò yẹn lọ́wọ́ mi báyìí, abẹ́ mọ́tò ló ń wọ̀. Lánàá ó kùn mọ́ mi, ó fẹ́ gé mi jẹ, ajá tí mo fọwọ́ ara mi tọ́! Kí ni kí n ṣe o? (Ìyá Bingo, Apátá)

ÌDÁHÙN: Ìyá Bingo, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, àmọ́ ẹ má bínú sí i. Etí ń dùn ún, èèyàn mẹ́ta wá rọ́ lù ú, wọ́n tún da nǹkan tútù sínú ibi tó ń dùn ún, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí ni kó rò? Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ajá mi kan, Talómọ̀la, mo forúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́yìnkùlé, oògùn yẹn dà sí i nímú, ó dà sí mi láṣọ, ìdajì ìgò ṣòfò, ẹ̀kán kan ò wọ etí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, tí mo bá pè é wá jẹun, á kọ́kọ́ dúró lọ́ọ̀ọ́kán wò mí lọ́wọ́ ná.

Nǹkan àkọ́kọ́, ẹ pe dókítà yín lónìí, ẹ sọ fún wọn pé oògùn ti fo ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ní èyí tí àwọn fúnra wọn lè fi sí i lẹ́ẹ̀kan tó máa pẹ́ níbẹ̀. Irú ẹ̀ wà. Tí wọn ò bá ní, ẹni máa mú ọ̀bọ á ṣe bí ọ̀bọ, ẹ lọ ra ẹ̀dọ̀ màlúù díẹ̀ ní Bódìjà tàbí níbi tó bá sún mọ́ yín, ẹ bọ̀ ọ́ láìfi iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sí i (àlùbọ́sà kì í bá ajá lára mu rárá), kẹ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí hóró ẹ̀wà.

Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kì í ṣe níwájú ẹ̀, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀, ẹ fún un ní ẹ̀dọ̀. Ẹ fọwọ́ kan etí ọ̀tún tí ò dùn ún, ẹ̀dọ̀. Ẹ fọwọ́ kan etí òsì fẹ́rẹ́, ẹ̀dọ̀. Ẹ gbé ìgò oògùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìṣí i, ẹ fi ẹ̀dọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó fúnra ẹ̀ wá mú un. Ìṣẹ́jú méjì ti tó, ẹ dìde, tó bá yá ẹ tún ṣe é. Tó bá ń yí orí kúrò, tó ń fahọ́n lá ẹnu láìrí oúnjẹ, tó jẹ́ pé funfun ojú ẹ̀ lẹ̀ ń rí, ẹ dúró níbi tẹ́ ẹ dé yẹn, ó ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ má sì nà án torí pé ó kùn o, ajá tí wọ́n bá nà torí kíkùn, lọ́jọ́ mìíràn ò ní kùn mọ́, eyín lẹ máa kọ́kọ́ rí.

Ẹ̀yin náà, ẹ yé pe orúkọ ẹ̀ láti fi tàn án jáde lábẹ́ mọ́tò. Tó bá fẹ́ràn orí ẹní tó wà ní bákónì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa ṣe é.

Tó bá wá di kíkán gan-an, ẹ fi ìgò yẹn sí abíyá fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó lọ́wọ́ọ́rọ́, torí tútù yẹn wà lára ohun tó ń lé e sá. Ẹ jẹ́ kó fìdí ti kọ̀rọ̀ ògiri kó má baà máa fẹ̀yìn rìn. Ọmọ yín á di abọ́ mú tẹ́ ẹ ti lọ ẹ̀dọ̀ sí, kó máa lá a. Ẹ̀yin ẹ gbé ewé etí yẹn sókè díẹ̀, torí ihò etí ajá ò dà bíi tiwa, á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kó tó ṣẹ́ kọ́nà sínú orí, bíi L gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí igi òwú tá a fi ń ro etí ò fi dáa, ìdọ̀tí ló ń tì wọlé. Iye ẹ̀kán tí dókítà ní ni kẹ́ ẹ kán, ẹnu ìgò ò gbọdọ̀ kan etí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fìka méjì fún ìdí etí láti ìta fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń dún fọ́tọ́-fọ́tọ́ bí ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti fi í sílẹ̀ á gbọnrí, ẹ tètè sún sẹ́yìn o! Èyí tó bá tú síta, ẹ fi òwú nù ún.

Òórùn yẹn lè lọ lọ́jọ́ kẹrin, ẹ má torí ẹ̀ dá oògùn dúró, ẹ lò ó tán kẹ́ ẹ sì gbé e padà lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí i tó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mu ẹmu, tàbí tí ewé etí ẹ̀ wú bíi pọ́fù-pọ́fù, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Ilé ìwòsàn ẹranko wà nínú UI, yunifásítì Ìbàdàn, tí ọ̀dọ̀ dókítà yín bá tì. Tó bá ṣì ń wá ẹni tó máa gé jẹ, ẹ jẹ́ kí dókítà fi nǹkan dè é lẹ́nu tàbí kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tó máa fi sùn, ẹ má fún un ní oògùn oorun tèèyàn. Bó bá sì gé yín jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà. Dìgbòlugi kì í ṣe nǹkan àwàdà.

ÌBÉÈRÈ: Oògùn etí tọ́mọ mi lò kù nílẹ̀, ṣé mo lè kán an sí etí ajá mi? Bàbá mi sì ní àdí ló dáa jù. (Àgbowó)

ÌDÁHÙN: Rárá, méjèèjì. Kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà tó máa ń jẹ́ kí etí ajá dúdú bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, ó sì ń ran ológbò àtajá mìíràn. Ìyẹn ní oògùn tiẹ̀, èyí tó ń ṣọyún náà ní tiẹ̀. Tí ìlù etí bá sì ti lu, irú oògùn bíi gentamicin lè sọ ajá yín di adití, dókítà tó bá tan iná wo inú ẹ̀ ló lè mọ̀ ọ́n. Àdí tí bàbá ní yẹn, ẹ bá wọn tọ́jú ẹ̀, ọyẹ́ ń bọ̀, wọ́n á fi para.