Ìrìn-àjò àkọ́kọ́ sí Paris: mọ ọjọ́ tí o máa gúnlẹ̀ kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. O ní o ti gba físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí ènìyàn fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni o fẹ́ lò ní Paris, pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí o máa jáde kúrò ní Nàìjíríà, àti pé bí o bá ti san owó ọkọ̀ òfurufú àti owó ibi tí o máa sùn tán, 800 yúrò ni yóò ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́. O wá bèèrè bóyá owó náà tó, àti bóyá o lè yọ ọjọ́ mélòó kan nínú mẹ́sàn-án yẹn fún Brussels àti Amsterdam. Owó náà tó. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, fi Brussels àti Amsterdam sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ ni èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ohun tí ó sì jẹ mí níyà jù lọ kì í ṣe àìlówó. Àìmọ ọjọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje oṣù náà, ni mo gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Charles de Gaulle. Mo ti kà á ṣáájú pé káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní Navigo, tí ènìyàn lè san 31.60 yúrò sórí rẹ̀, kí ó sì fi wọ mẹ́tírò, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin káàkiri Paris àti agbègbè rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, títí kan RER B tí ó ń gbéni láti pápákọ̀ òfurufú wọ ìlú. Mo san án, mo fi 5 yúrò lé e fún káàdì fúnra rẹ̀, mo sì gbé e lé ojú ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Iná pupa ni ó tàn. Mo tún gbé e lé e, pupa náà ni. Àwọn ènìyàn ti tò gùn lẹ́yìn mi kí òṣìṣẹ́ kan tó wá, tí ó gba rìsíìtì lọ́wọ́ mi, tí ó sì fi ìka tọ́ka sí déètì tó wà lára rẹ̀: ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń wí kì í ṣe ọjọ́ méje láti ìgbà tí o bá sanwó. Láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú ni, bí ó bá sì ti di ọjọ́ Ẹtì, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ̀rọ máa tà fún ọ. Mo tún san 13 yúrò mìíràn kí n tó lè wọ ọkọ̀ dé inú ìlú, mo sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ní 2.50 yúrò ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ọjọ́ Ajé fi dé. Owó ọkọ̀ wọ̀nyí ti lé díẹ̀ sí i láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ètò ọjọ́ Ajé sí Àìkú kò yí padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dùn mí ju èyí lọ. Orsay kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé, Louvre kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi tí n kò mọ̀ lọ sí Orsay ní ọjọ́ Ajé, mo lọ sí Louvre ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀kùn méjèèjì ni mo sì bá ní títì. Mo dúró nínú òtútù ní àgbàlá Louvre lẹ́gbẹ̀ẹ́ píramíìdì onígíláàsì yẹn, mo ń ṣírò iye tí ìrìn-àjò náà ti ná àwọn òbí mi. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé Louvre a máa gbàlejò lọ́fẹ̀ẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àfi ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni mo dé, inú yàrá ni mo sì sùn sí. Ọ̀fẹ́ ni Orsay ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìyẹn sì ti fi ọjọ́ márùn-ún ṣáájú mi. Ká ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù náà, ni mo gúnlẹ̀, tí mo sì lo iye ọjọ́ kan náà, n bá wọ méjèèjì láìsan kọ́bọ̀.

Má ṣe gbọ́kàn lé káàdì akẹ́kọ̀ọ́ rẹ. Ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 26 ní Louvre, àwọn tó ń gbé ní àgbègbè ètò ọrọ̀ ajé Yúróòpù ni ó wà fún. Èmi san 22 yúrò ní alẹ́ Ọjọ́rú nígbà tí mo padà lọ, àwa tí a ń ti òde Yúróòpù wá sì ti ń san 32 yúrò láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2026. Nítorí náà, bí o bá lè mú ọjọ́ ọ̀fẹ́ yẹn, mú un, ṣùgbọ́n gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Ó tún yẹ kí o mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Carnavalet àti Petit Palais fún gbogbo ènìyàn, bí kì í bá ti í ṣe àfihàn pàtàkì ni o fẹ́ wò, àmọ́ wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Carnavalet, tí ó ń sọ ìtàn ìlú Paris fúnra rẹ̀, ni mo gbádùn jù nínú gbogbo wọn. Wọn kì í gba owó ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Notre-Dame náà, tí wọ́n tún ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 lẹ́yìn iná ọdún 2019.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Wá oṣù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tàbí ọjọ́ Àìkú láàárín àkókò tí físà rẹ fún ọ. Gúnlẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan láti pápákọ̀ òfurufú, lọ sí Orsay lọ́jọ́ kejì, kí káàdì ọ̀sẹ̀ rẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Àìkú tí ó bá tẹ̀lé e ni kí o padà, káàdì yẹn ni yóò sì gbé ọ dé pápákọ̀ òfurufú. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ọ̀fẹ́ ti Louvre yóò bọ́ sí àárín. Mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kan nínú àwọn tí o yà fún físà dání, nítorí pé wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì Navigo náà, owó ìtanràn sì ni fún ẹni tí fọ́tò rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀.

Nípa ẹnubodè, jọ̀wọ́, tẹ gbogbo ìwé rẹ sórí bébà. Níní físà kò ní kí ọlọ́pàá ẹnubodè má bi ọ́ ní ìbéèrè. Ó bi mí nípa ibi tí mo máa sùn, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀, ìwé adójútòfò ìlera tí kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúrò, àti owó ọwọ́ mi. Inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà, fóònù náà sì ti kú láti inú ọkọ̀. Wọ́n ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì ń wo àwọn tí a jọ wọ ọkọ̀ bí wọ́n ti ń kọjá lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ẹnì kan fi yá mi ní wáyà tí mo fi gba iná díẹ̀ sí i. Iye tí òfin Faransé ń bèèrè ni 65 yúrò fún ọjọ́ kan bí o bá ní ìwé hòtẹ́ẹ̀lì, 120 yúrò bí o kò bá ní. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ní 65 jẹ́ 585, nítorí náà 800 rẹ ti kọjá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé mọ̀lẹ́bí ni o fẹ́ dé sí, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní attestation d'accueil ní ilé ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kí ó sì fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Má ṣe kó gbogbo owó sí ojú kan, má sì fi ọkàn tán káàdì náírà, nítorí pé wọ́n kọ tèmi lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ó tètè yé ọmọ Yorùbá, àmọ́ tí kò tètè yé mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mo wọ ilé búrẹ́dì kan nítòsí ibi tí mo sùn sí, mo nawọ́ sí búrẹ́dì gígùn kan, mo sì bèèrè iye rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá àgbàlagbà tó ń tajà wò mí, ó ní, “Bonjour,” ó sì dákẹ́. Mo tún bèèrè iye rẹ̀. Ó tún ní, “Bonjour, monsieur,” ó wá fà á gùn lọ́tẹ̀ yìí bí ẹni tí ń kọ́ ọmọdé. Ojú tì mí, nítorí pé ohun tí ìyá tèmi náà máa ṣe nìyẹn bí ọmọ kan bá já wọlé tí kò kí ẹni tó bá nílé. Ní Paris, ẹni tí kò bá kọ́kọ́ kí ọlọ́jà, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń kà á sí, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń pè ní ìgbéraga wọn, a kàn gbàgbé láti kí wọn ni. Kí ènìyàn kí o tó bèèrè ọ̀nà, dúró kí ó dá ọ lóhùn, kí o sì dágbére nígbà tí o bá ń jáde. Láti ọjọ́ kejì ni ìyá náà ti ń yan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò fún mi.

Ní ti Brussels àti Amsterdam, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin máa ń wọ́n gan-an bí ọjọ́ ìrìn-àjò bá ti sún mọ́lé, gbogbo ìgbà tí o bá sì kó ẹrù láti ìlú kan sí èkejì, ó kéré tán, ìdajì ọjọ́ ti lọ. Bí o bá ní ẹ̀gbọ́n ní London, má ṣe jẹ́ kí ó tàn ọ́ láti yà wá kí òun: Bírítéènì kò sí nínú Schengen, wọn yóò bèèrè físà tiwọn lọ́wọ́ rẹ, bí ó bá sì jẹ́ físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni tìrẹ, o kò ní lè padà wọ Faransé mọ́.

Lo ọjọ́ tí o bá rí gbà yẹn ní Château Rouge, lórí ìlà kẹrin mẹ́tírò. Bí o bá ti gun àtẹ̀gùn dé òkè, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ata rodo ni wàá rí. Mo bá obìnrin kan pàdé níbẹ̀ tí ó ní ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin ni òun, Yorùbá tí ó ń sọ sì kún fún àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ lẹ́nu ìyá mi àgbà nìkan. Òun ni ó sọ fún mi pé kí n lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Quai Branly, níbi tí àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ààfin Abomey mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wà kí wọ́n tó dá wọn padà sí orílẹ̀-èdè Benin ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Mo lọ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n ń ṣí títí di aago mẹ́wàá. Iṣẹ́ ọnà láti ilẹ̀ Yorùbá ṣì wà níbẹ̀. Mo pẹ́ níwájú wọn ju bí mo ti pẹ́ níwájú ohunkóhun ní Louvre lọ, mo sì fẹ́ kí ìwọ náà fi ojú ara rẹ rí wọn.

Kí o tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, kọ déètì méjì tàbí mẹ́ta tí ó bá ọ lára mu síbí. N ó bá ọ fi wé ọjọ́ tí ilé kọ̀ọ̀kan máa ń ṣí.