Ẹ Bi Wá Nípa Ajá: Orí Ńlá Nìkan Kọ́ Ni Rottweiler

Wọ́n fẹ́ ta ọmọ ajá Rottweiler ọlọ́sẹ̀ márùn-ún fún mi. Ẹni tó ń tà á ní orí rẹ̀ tóbi, irun rẹ̀ sì jẹ́ dọ́bù-kóòtù, ìdí nìyẹn tówó rẹ̀ fi ga ju tàwọn yòókù lọ. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó? (Òǹkàwé, Akóbọ̀)

Ẹ má tíì sanwó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló yẹ kí ọmọ ajá tó kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù yẹn, òun àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀ á máa bu ara wọn jẹ nínú eré. Èyí tí wọ́n bá bù jù á han, eré á sì dá. Ibẹ̀ ló ti ń mọ bí eyín òun ṣe ń dunni tó. Tí kò bá kọ́ ọ níbẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ yín ni yóò ti kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ dọ́bù-kóòtù, ìpolówó lásán ni. Gbogbo Rottweiler ló nírun ìpele méjì: ti òkè le, ó sì lẹ̀ mọ́ ara, ti abẹ́ rọ̀. Èyí tí irun rẹ̀ bá gùn, àbùkù ni wọ́n ń kà á sí níbi tí wọ́n ti ń dájọ́ ẹwà ajá. Bó bá jẹ́ irun gígùn ló ń pè ní dọ́bù-kóòtù, àbùkù lẹni yẹn fẹ́ tà fún yín lówó gọbọi.

Orí ńlá náà ní ìwọ̀n. Tẹ́ ẹ bá pín gígùn orí sọ́nà márùn-ún, agbárí ló ni mẹ́ta, imú òun ẹnu ló ni méjì. Imú tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹwà. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ajá dúdú onímú kúkúrú á jẹ̀yà nínú oòrùn oṣù Kejì n'Ìbàdàn.

Ní ti àwọ̀, dúdú ni gbogbo ara, àmọ́ kẹ́ ẹ rí pupa bí osùn lókè ojú kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ní ọ̀fun, ní àyà, ní ẹsẹ̀ àti lábẹ́ ìrù. Lára ọmọ ajá, pupa yìí lè dà bí ohun tí èéfín bò. Bó ṣe ń dàgbà ni yóò máa mọ́, ẹ má torí ẹ̀ kọ̀ ọ́. Funfun ńlá láyà ni kẹ́ ẹ sá fún. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ pẹ̀lú: ó yẹ kó dúdú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ju ìdì kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nítòsí rẹ̀. Kò burú tó bá ta gìrì. Ohun tẹ́ ẹ ń wò ni bóyá yóò padà wá gbóòórùn rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìyá rẹ̀ hàn yín: ó lè gbó, àmọ́ tí olówó rẹ̀ bá ti bá a sọ̀rọ̀, kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ìwà ìyá máa ń ran ọmọ.

Ẹ béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àrùn parvo, tó ń mú ajá bì, tó sì ń mú un yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, máa ń tètè mú ẹ̀yà yìí. Abẹ́rẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra, ó kéré tán títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lárọ̀ọ́wọ́tó yín.

Akọ Rottweiler wa máa ń kùn hùn-ùn bí a bá ń fọwọ́ pa á lórí, á wá fi gbogbo ara tì wá lẹ́sẹ̀. Ìyá wa ní ó fẹ́ bu èèyàn jẹ ni. (Bódìjà)

Ẹ bá wa sọ fún Màmá pé ìdùnnú ni. Rottweiler púpọ̀ ló ń kùn báyìí. Ẹ wo ara rẹ̀: bí ojú bá rọ̀, tí ìdí ń mì, kò séwu. Bí ara bá gan, tí ẹnu pa dé, tí funfun ojú yọ, ẹ gbọ́wọ́ kúrò jẹ́jẹ́. Ẹ má sì nà án nítorí pé ó kùn: ajá tí wọ́n bá ti na kíkùn kúrò lẹ́nu rẹ̀ máa ń buni jẹ láìkìlọ̀.

Ajá àwọn alápatà ìlú Rottweil ní Jámánì ni Rottweiler. Ó ń da màlúù, ó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ẹ wo àwọn tó ń da màlúù wọ kárà Akínyẹlé, ọjà màlúù n'Ìbàdàn: onínúfùfù ò lè ṣe é. Ajá tó ń fìbínú fò mọ́ gbogbo àlejò, ẹ̀rù ló sábà máa ń bà á, kì í ṣe ìgboyà.

Rottweiler mi pé oṣù mẹ́wàá, ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣé kí n máa fún un ní kálísíọ̀mù? (Àpáta)

Rárá o. Kálísíọ̀mù àpọ̀jù máa ń ba egungun ajá ńlá jẹ́ nígbà tó bá ń dàgbà. Oúnjẹ ọmọ ajá ńlá tó pé ti ní èyí tó tó. Ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ga, àyà ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì lè gbà tó ọdún méjì sí mẹ́ta. Akọ àgbà máa ń ga ní sẹ̀ǹtímítà 61 sí 68 ní èjìká, bíi kílò 50; abo, 56 sí 63, bíi kílò 42. Jíjìn àyà yẹ kó jẹ́ ìdajì gíga: tí ajá bá ga ní 64, àyà á jẹ́ 32. Ẹ fọwọ́ wá ìhà rẹ̀: kó ṣeé kà lábẹ́ ọwọ́, kó má hàn lójú.

Ṣé Rottweiler tí wọn ò gé ìrù rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó? (Mókọ́lá)

Ojúlówó ni. Jámánì gan-an ti fòfin de gígé ìrù láti 1998.