Wo okùn rẹ̀ kí o tó ra DVD writer

Àbúrò mi, o ní láptọ́ọ̀pù tuntun tí o rà kò ní ojú CD, àwọn tó ń gbé fídíò ìnáwó fún ọ sì ṣì ń béèrè DVD, pé irú DVD writer (ẹ̀rọ tó ń kọ fídíò sórí àwo DVD) wo ni kí o rà. Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí lówó rí.

Òkè-Fìà níbí nílùú Òṣogbo ni mo ti ra tèmi àkọ́kọ́. Ó fẹ́lẹ́, ó ń dán, wọ́n kọ "USB 3.0" gàdàgbà sí páálí rẹ̀. Mo ní ó parí. Fídíò òkú àgbà kan ló délẹ̀, àwọn ọmọ olóògbé ní ogún àwo làwọn fẹ́. Bí mo bá ti ki àwo bọ̀ ọ́, á máa yí lọ dáadáa, ó máa tó ìlàjì báyìí, á dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, iná orí rẹ̀ á kú, á tún tàn, láptọ́ọ̀pù á ní òun ò rí i mọ́. Àwo yẹn ti lọ nìyẹn, torí DVD-R, irú àwo tí mo ń lò, kò ṣe é pa rẹ́ tún kọ. Mẹ́sàn-án ni mo dà nù lóru ọjọ́ náà. Mo ti múra àtilọ bá ẹni tó tà á fún mi jà.

Àṣé ebi iná ló ń pa ẹ̀rọ. Ojú USB 2.0 kì í fún nǹkan ní iná ju 500 mA (ìwọ̀n iná) lọ, 3.0 ń fúnni ní 900. Nígbà tí àwo bá ń yí, tí lésà ń kọ̀wé, ó lè fẹ́ ju ìyẹn lọ. Èmi tún wá so ó mọ́ hub, ẹ̀rọ tó ń pín ojú USB kan sí púpọ̀, tí máòsì àti fláàṣì ti ń jẹun lára rẹ̀!

Èyí tí okùn USB rẹ̀ ní orí méjì, kó lè máa jẹ iná lójú méjì, ni kí o wá, kí o ki orí méjèèjì bọ láptọ́ọ̀pù tààrà. Èyí tó bá ní ihò ṣájà tún dáa jù. Má torí "3.0" fowó kún owó o: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí kì í kọ DVD ju ìyára 8x lọ, bíi MB 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú 2.0 gbé ìyẹn dáadáa. Kí o sì rí "RW" lára rẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé kíkà nìkan ni wọ́n mọ̀. Èyí tó ń kọ Blu-ray, àwo tó gba nǹkan ju DVD lọ ńkọ́? Ta ló fẹ́ fi wò ó nílé wọn?

4x ni mo fi ń kọ tèmi, mo sì máa ń finalize (kí n pa àwo dé kí ẹ̀rọ mìíràn lè kà á), bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ DVD àwọn màmá lè má kà á. Àwo tí wọ́n kọ 4.7 GB sí, 4.38 ni Windows máa kà á sí, torí náà má ṣe di ẹrù kún un.

Ojú USB mélòó ni láptọ́ọ̀pù tìẹ ní ná? Bó bá jẹ́ Type-C kan ṣoṣo ni, sọ fún mi kí o tó náwó, torí okùn olórí méjì ò ní ríbi wọ̀ níbẹ̀.