Ọkọ̀ mi kì í fà mọ́ tí mo bá rin ọ̀nà jíjìn

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2004 ni mo ń wà. Nínú ìgboro Ìbàdàn, kò sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi àtàwọn ọmọ ń lọ sí Adó-Èkìtì, a ò tíì kọjá Iléṣà tán tó fi bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ tọ́tù dé ilẹ̀, ọkọ̀ ò fà, ó kàn ń gbọ̀n. Mo páàkì fún bí ìṣẹ́jú 20, mo tún sítáàtì rẹ̀, ó sì ń lọ geere. Kí a tó dé Arámọkọ, lórí òkè, ó tún ṣe é. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, èkejì ní kí n ra pọ́ǹpù epo, ẹ̀kẹta ní kátálísítì (ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ nínú ẹ̀sọ́ọ̀sì) ló dí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ. Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́; ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n dárúkọ ló lè fa irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ìdúró ni wọ́n ti wo ọkọ̀ náà, lẹ́yìn tó ti sinmi tó sì ti tutù. Ọkọ̀ tó tutù kò ní ẹjọ́ kankan láti rò.

Ìṣẹ́jú 20 yẹn gan-an ni kí a bi léèrè. Kí ni ìsinmi lè wò sàn? Kátálísítì tó bá ti dí, dídí náà ló máa wà, ì báà sinmi di ọjọ́ kejì (àfi tí inú rẹ̀ bá ti fọ́, tí ègé rẹ̀ ń yí kiri). Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù epo tó gbóná máa ń tutù. Ìdọ̀tí tí pọ́ǹpù fà mọ́ asẹ́ ẹnu rẹ̀ nínú tánkì máa ń jábọ́ padà sísàlẹ̀ tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnì, epo á tún ráyè kọjá. Kọ́ìlì (ohun tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná) tó gbóná náà máa ń tutù. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ epo ni mo máa kọ́kọ́ yà sí.

Ẹ ṣáà rò ó bíi omi ẹ̀rọ ilé tí ayálégbé pọ̀ sí. Tó bá jẹ́ ife kan lẹ ń pọn, ó ń dà. Ó di ìgbà tí àwọn ará yàrá mẹ́rin bá ṣí tiwọn pọ̀ kó tó hàn pé omi ò tó. Ìgboro ni ife kan yẹn. Òkè tó wà lẹ́yìn Ìwáràjà ni yàrá mẹ́rin.

Báwo ni epo tó kù nínú tánkì nígbà náà ṣe pọ̀ tó? Inú epo ni pọ́ǹpù ọkọ̀ yín wà, epo yẹn ló sì ń mú un tutù. Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú epo tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin tánkì ń sun pọ́ǹpù rẹ̀ níná ni. Tó bá sì jẹ́ epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ máa ń rà nígbà ọ̀wọ́n, ẹ ti mọ ibi tí ìdọ̀tí ti wá.

Síbẹ̀, ẹ má ra pọ́ǹpù. Ẹ wá ẹni tó ní géèjì epo, kó so ó mọ́ ọ̀pá epo, kó lẹ ojú géèjì náà mọ́ gíláàsì iwájú láti ìta (kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀ o, epo ni), kí ẹ jọ gbé ọkọ̀ jáde títí àìsàn náà yóò fi dé. Agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo nínú ọkọ̀ yín yẹ kó wà láàárín 44 sí 50 psi (psi ni òṣùwọ̀n agbára náà). Tí géèjì bá ń já wálẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń rẹ̀, ọ̀dọ̀ epo ni àìsàn wà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wọn iná tó ń dé ìdí pọ́ǹpù kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Èmi fúnra mi ti pààrọ̀ pọ́ǹpù méjì nínú Camry oníbàárà kan kí n tó rí i pé ibi tí wáyà ti wọ orí tánkì ló ti jóná. Mo san owó ọ̀kan padà fún un. Tí iná bá pé, kí wọ́n ṣí abẹ́ àga ẹ̀yìn, kí wọ́n yọ asẹ́ náà, kí wọ́n sì fọ tánkì.

Tí géèjì ò bá mì rárá, ó kan síkáànì, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àìsàn ọkọ̀. P0301 dé P0304 ń sọ sílíńdà tí kò jó dáadáa. Kí wọ́n gbé kọ́ìlì rẹ̀ sórí sílíńdà mìíràn. Tí kóòdù bá tẹ̀ lé e, kọ́ìlì ni. Tí iná ẹ́ńjìnì bá ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má tẹ tọ́tù mọ́. Epo tí kò jó ń lọ jó nínú kátálísítì, òun ló sì ń bà á jẹ́.

Ti kátálísítì, kí wọ́n yọ sẹ́ńsọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, kí wọ́n fi géèjì tó ń wọn agbára èéfín síbẹ̀. Tó bá ju 3 psi lọ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ó ti dí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e kó tó wọ̀n ọ́n. Àwọn kan ń ra ògbólógbòó rẹ̀ lówó gọbọi, ẹni tó ní ká gé e sì lè ti ní oníbàárà nílẹ̀.

Èyí tí ẹ lè ṣe fúnra yín rèé. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ yà kúrò lórí títì, ẹ pa á, ẹ ṣí ìdérí tánkì kíá. Tó bá fà afẹ́fẹ́ ṣìì, tí ẹ dé e padà, tí ọkọ̀ sì fà lójú ẹsẹ̀ láìsinmi, ihò tí tánkì fi ń mí ló dí. Ìyẹn ò gba pọ́ǹpù, kò sì gba kátálísítì.