Ṣé òrùka yìí máa so ó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá àgbà mi fún mi ní lẹ́ǹsì Jupiter-12 kan, 35mm, irú èyí tí wọ́n ń yí wọ ẹnu kámẹ́rà. Nikon FM2 ni mo ní. Ọkùnrin kan fẹ́ ta òrùka tí yóò so wọ́n pọ̀ fún mi. Mo fẹ́ fi ya Arugbá nínú oṣù kẹjọ. Ṣé kí n rà á? Ọmọ Òkè-Fìà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má rà á. Fi owó yẹn ra fíìmù.

Àyè ló fa gbogbo ẹ̀. Láti ẹnu Nikon rẹ dé ojú fíìmù, mílímítà 46.5 ni. Lẹ́ǹsì rẹ ń fẹ́ 28.8 péré, torí kámẹ́rà rangefinder (irú tí a kì í gba inú lẹ́ǹsì wòran) tí wọ́n ṣe é fún kò ní dígí tó ń gbéra sókè nínú bíi tìrẹ. Kò sí òrùka tó lè fa lẹ́ǹsì sẹ́yìn wọ inú kámẹ́rà. Títì ló máa ń tì í síwájú, lẹ́ǹsì tó bá sì jìnnà sí fíìmù jù, ohun tó sún mọ́ ọn nìkan ló ń rí kedere.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo ra irú òrùka bẹ́ẹ̀ fún lẹ́ǹsì 50mm kan. Mo gbé e lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, mo kọjú ẹ̀ sí ògiri kan tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà rẹ̀ mọ. Bàìbàì ni gbogbo ẹ̀ rí. Mo ń sún mọ́ ọn ṣáá, àfìgbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lẹ́ǹsì kan ògiri. Èèrà kan ṣoṣo ló hàn kedere, ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti ihò wínníwínní ara sìmẹ́ǹtì. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Tìẹ tiẹ̀ máa burú ju tèmi lọ: ohun tó bá jìnnà sí i ju ìwọ̀n páálí ìṣáná méjì tí a tò gbọọrọ, kò ní rí i.

Ewu míì tún wà. Ṣí ìdérí ẹ̀yìn Jupiter-12 yẹn kó o wò ó: dígí ńlá kan yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Inú kámẹ́rà ló fẹ́ wọ̀, dígí FM2 tó ń gbéra sókè sì lè gbá a, kí méjèèjì bàjẹ́. Ní 1959, Nikon fúnra wọn ṣe 21mm kan tó ń wọnú bẹ́ẹ̀ fún Nikon F, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé dígí sókè kó o tì í pa. FM2 kò lè ti dígí tirẹ̀ pa sókè.

Fún FM2, wá Nikkor, ìyẹn lẹ́ǹsì Nikon fúnra wọn, 28mm tàbí 35mm. Ẹ̀yà tí dígí ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí fíìmù ni, irú èyí tí Angénieux ti ilẹ̀ Faransé gbé jáde ní 1950.

Má ta ẹ̀bùn Bàbá àgbà o! Zorki, kámẹ́rà rangefinder ilẹ̀ Soviet, ni ilé rẹ̀. Òkè kámẹ́rà ni wàá gbé ojú-ìwòran 35mm sí, torí 50mm ni tinú ẹ̀ ń fi hàn. Bó o bá rí Zorki, gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kó o tó sanwó. Mo fẹ́ fetí ara mi gbọ́ ìró ṣọ́tà rẹ̀.