Ẹ̀gbọ́n mi gbé oúnjẹ Kérésìmesì wá, mo dà á nù

Ìbéèrè: Àáfà wa, àsàlámù aléékúmù. Ìkéré-Èkìtì ni mò ń gbé. Ọdọọdún ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, máa ń gbé iyán àti ọbẹ̀ adìyẹ wá fún wa ní Kérésìmesì, àwa náà a sì fún un ní ẹran Iléyá. Àáfà ọ̀dọ́ kan wá ṣe wáàsí ní àsàláátù wa pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti bá wọn ṣe kèfèrí. Mo da oúnjẹ náà sí ààtàn, ẹ̀gbọ́n mi sì rí i. Kò gba ẹran Iléyá wa mọ́. Kúlà rẹ̀ ṣì wà nílé ìdáná mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wa aléékúmù sàlámù. Ìyá wa, oníwáàsí yẹn ló bí mi nínú jù yín lọ. Háráámù kì í ṣe iyọ̀ tí èèyàn ń bù sí gbogbo ọbẹ̀.

Ọlọ́hun sọ nínú Súrátul Máídà, áyà 5, pé oúnjẹ àwọn tí a fún ní tírà, ìyẹn Yahúdí àti Nàsárá (àwọn Júù àti Kìrìsìtẹ́nì), haláàlì ni fún wa, tiwa náà haláàlì fún wọn.

Wọ́n á ní, ẹran tí wọ́n pa nítorí ọdún ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń da orí àwọn èèyàn rú. Ìmáàmù Máálíkì, tí àwa ń tọ ọ̀nà rẹ̀, kórìíra ẹran tí wọ́n bá pa nítorí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọdún wọn, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di háráámù. Mákírúù ni, ìyẹn ohun tó sàn kí èèyàn yẹra fún, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ra, kó yọ adìyẹ sílẹ̀, kó jẹ iyán. Àbí iyán náà ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì ni? Èmi gan-an, àwọn Kìrìsìtẹ́nì àdúgbò mi ti pè mí rí pé kí n wá bá wọn dúńbú ẹran ọdún, kí ará ilé wọn tó jẹ́ Mùsùlùmí lè jẹ níbẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí ni kò ní àlàyé, ẹni yòówù kó gbé e wá. A kì í sì í bá wọn jọ́sìn.

Asmau, ọmọbìnrin Abubakari tó jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Ànábì Muhammadu, abọ̀rìṣà ni ìyá rẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe Nàsárá. Nígbà tí ìyá náà wá kí i, Asmau bi Ànábì léèrè bóyá kí òun ṣe dáadáa sí i. Ànábì ní kó so okùn ẹbí pọ̀. Ànábì kan náà yìí ló kú tí ẹ̀wù irin ogun rẹ̀ wà ní dógò lọ́wọ́ Yahúdí kan, nítorí òṣùwọ̀n 30 ọkà báálì tó rà fún ará ilé rẹ̀. Ẹ̀yin wá da iyán ọmọ ìyá yín sí ààtàn! Dída oúnjẹ nù yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ẹ fọ kúlà náà. Ẹ má dúró de Iléyá, ẹ se nǹkan sí i lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ gbé e lọ fúnra yín. Ẹ má rán ọmọ. Ẹ̀gbọ́n yín ni, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Bó bá sì bi yín pé àáfà wo ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni.